Ọ̀nà Tó Gba Ilẹ̀ Màmá Kọjá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara mi le, àfi orúnkún òsì yìí tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń bá ènìyàn ṣe àríyànjiyàn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn.

O bi mí nínú ìwé rẹ tó kọjá pé kí ni mò ń fi ọjọ́ ṣe látìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ abúlé ni o. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alága, mo rò pé jíjókòó lásán ni. Irọ́ gbáà. Ní Sátidé tó kọjá nìkan, a parí ìjà lórí ewúrẹ́ ẹnì kan tó jẹ aṣọ tí ẹlòmíràn sá, a pín ọjọ́ tí kálukú máa gbálẹ̀ ẹ̀bá kànga, a sì fi odindi wákàtí kan wádìí ẹni tó gbé bẹ́ǹṣì ìpàdé lọ sílé tí kò dá a padà. Èmi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló ń mì, mo fẹ́ kàn án. Wọ́n sì bá mi wí níwájú gbogbo ènìyàn, nínú ilé ìwé tí a ti ń ṣe ìpàdé, lórí àga ọmọ kíláàsì kìíní tí mo jókòó lé, tí orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kàn ọ́. Agbẹ̀bí wa ti kúrò nínú yàrá tó ń jò yẹn, ó ti kó lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún un lórí òkè, lẹ́yìn oko. Ilé náà dára, yàrá méjì, fèrèsé ńláńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá ọdún tó kọjá ti gé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ síbẹ̀. Títì ni gbogbo ènìyàn ń gbà yí ká báyìí, ó sì ń tó wákàtí kan. Obìnrin kan ti bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà lóṣù tó kọjá. Ọlọ́run ló yọ òun àti ọmọ.

Ìgbìmọ̀ ní ibi tó yá jù láti la ọ̀nà tuntun gbà ni ilẹ̀ tí màmá rẹ fi ń dáko kó tó fi ayé sílẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ rẹ. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o, àárín rẹ̀ gan-an.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde síta, òfin wa nìyẹn. Mo jáde. Mo jókòó sórí pèpéle títí wọ́n fi pè mí wọlé. Òfin kan náà ni kò jẹ́ kí n lè sọ fún ọ pé ṣe báyìí tàbí má ṣe báyẹn. Wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Ti àkọ́kọ́ ti kọjá. Ẹni tó ni ilẹ̀ tí kò bá fèsì títí di ẹ̀kẹta, ó ti gbà nìyẹn. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ orí fóònù, láti ọjọ́ tí ẹni méjì ti gbọ́ ohun méjì nínú ìpè kan ṣoṣo. Ìwé ni wọ́n ń gbà. Jọ̀wọ́, fi ìwé ránṣẹ́.

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Ṣé kò sí o? Wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ rẹ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Akọ̀wé bi mí pé, "Alága, ọmọ yín ò tíì kọ̀wé?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé ó rí ìwé yín gbà?" Mo ní mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ máa ń fi èsì pamọ́ bí ẹni fi aṣọ ọdún pamọ́. Mi ò bá ọ jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé o wà láàyè.

Mo tún jókòó sórí pèpéle. Ó le ju bí mo ṣe rántí lọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi lórí ìkúnlẹ̀ náà. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń fi omi gbígbóná sí i?

Mo wà láàyè. Mo kó kúrò nínú yàrá mi àtijọ́ lóṣù Kìíní, ìyá onílé ibẹ̀ ló gba ìwé yín méjèèjì, tó kó wọn sójú fèrèsé, tó gbé ìkòkò òdòdó lé wọn. Àná ni mo lọ síbẹ̀. Ìwé méjì, lọ́jọ́ kan. Mo ka ti àkọ́kọ́ lórí ìdúró, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ka èkejì.

Bàbá, ẹ̀yin ni alága. Ọmọ yín ni mí. Ẹ wá jókòó sórí pèpéle, ẹ ń wo ewúrẹ́, nígbà tí àwọn tó wà nínú ilé ń la ilẹ̀ ọmọ yín sí méjì? Ilẹ̀ tí màmá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́?

Ọdún mẹ́tàlá nìyí tí mo ti wà níbí. Yàrá mẹ́rin ni mo ti gbé, kò sí ọ̀kan tí mo lè kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀ láìkọ́kọ́ tọrọ àyè. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹsẹ̀ ń ro mí, ilé tí mo fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn ni mo máa ń rò títí oorun á fi gbé mi lọ. Mo mọ ibi tí pálọ̀ máa wà. Mo mọ ibi tí ẹ máa gbé àga yín sí.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ sọ, ẹ má bínú. Nínú gbogbo ìwé tí ẹ kọ sí mi, òtútù lẹ máa ń bi mí. Ẹ ò bi mí rí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé. Ó ti ń ṣe mí bíi pé ẹ ti yọ mí kúrò lára àwọn tí ẹ ń retí. Bí wọ́n bá wá gba ilẹ̀ náà, kí ló tún kù tó máa fi hàn pé mo wá láti ibì kan?

Mo ti fi èsì fún ìgbìmọ̀ sínú ìwé yìí. Kò gùn. Mo ní: "Èmi tí mo ni ilẹ̀ náà ní rárá."

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. O tún lágbára láti bínú, ó dára bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ẹ̀kẹta gan-an ni ìwé rẹ dé. Mo fi eré gbé e lọ, eré tí àgbà lè sá. Akọ̀wé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, dìde dúró, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka "rárá" rẹ bí ìgbà tó ń pe orúkọ ẹni tó pẹ́ dé kíláàsì. Èmi ò sí níbẹ̀ o, orí pèpéle ni mo wà, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó.

Rárá rẹ dúró. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n òfin wa ní apá kejì, bóyá o ti gbàgbé: ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn kan mọ́ gbogbo ìlú, òun ni yóò wá òmíràn ṣí. Wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń wá ọ̀nà. Ìwọ nìkan ló wà nínú ìgbìmọ̀ kékeré náà. Ọkùnrin tí à ń pè ní Ó-dọ̀la, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi sí ọjọ́ kejì, dìde, ó ní, "Ọmọ tó gbọ́n tó báyìí ò ní ṣaláì rí ọ̀nà. Ẹ fún un ní àyè." Wọ́n fún ọ títí di ìpàdé ìparí oṣù Karùn-ún. Wọn ò lè fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí òjò, àti nítorí àwọn aboyún tó wà nílẹ̀. Aránṣọ, ẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ jókòó lórí àga kan nílé ìwé, wà lára wọn. Oṣù Kẹfà ni wọ́n sọ pé yóò bí. Oyún àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ.

Ní ti ohun tí o bi mí nípa pé kí o wálé, mo kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè fèsì báyìí. Ìwé tí alága bá kọ sí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á kí n tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n má bàa ní mò ń fi ẹnu mi tì ọ́. Èyí tí ò ń kà yìí, ó ti kà á. Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí akọ̀wé tó ń bá wa ka ìwé. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé ẹgba tí wọ́n nà mí nítorí ìṣirò ọjọ́ yẹn, àti pé èmi ni mo gba ìṣirò náà.

Ẹ̀yin ará ilé yìí ò dáa. Mo ní rárá, ẹ bá gbé iṣẹ́ lé mi lórí. Ibi tí mo wà yìí, bí ènìyàn bá ní rárá, wọ́n á lọ, ó parí. Mo fi ìwé yín han ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti jókòó rò ó. Iṣẹ́ mi, tí mo gbọ́ pé ẹ ń sọ fún àwọn ènìyàn pé iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe iṣẹ́ dókítà. Èmi ni mò ń ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ láti yàrá kan dé òmíràn, látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ohun tí iṣẹ́ náà ti kọ́ mi ni pé ẹni tí ara ń ro kì í ka ìrìn, ìsinmi ló ń kà. Ọ̀nà tó gùn tó tẹ́jú sàn ju ọ̀nà kúkúrú tó ga lọ. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀nà tó yá. Ẹ wá èyí tó rọrùn.

Méjì ni mo rántí. Ọ̀kan wà létí odò, níbi tí àwọn òkúta pẹlẹbẹ wà, tí a máa ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Èkejì gba ẹ̀yìn ilé ìwé, ó yí oko ká, ó sì tẹ́jú dáadáa. Mo máa ń sá eré níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn méjèèjì. Ẹ ka ìṣísẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan tó wúwo dání, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó bá ní kí ẹ dúró. Bí aránṣọ bá gbà láti bá yín lọ, á dára jù, ṣùgbọ́n ẹ má fi agbára mú un. Ẹ fi omi dání, ẹ sì fi ọ̀pá dání nítorí orúnkún yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin

Ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń wá ọ̀nà,

A kí ọ o. Iṣẹ́ tí o rán wa, a ti jẹ́ ẹ. Aránṣọ gbà láti tẹ̀lé mi, àmọ́ inú bí i díẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un pé o ní kí n mú ẹni tó wúwo dání. Ó ní òun máa bá ọ sọ ọ́ lójúkojú nígbà tí o bá dé.

Etí odò la kọ́kọ́ lọ. Òkúta pẹlẹbẹ kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn bíríkìlà ti kó wọn lọ fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé láti bí ọdún méje. Omi dé mi nítan, èmi tí mo ga tó báyìí. Mo ní kí aránṣọ má wulẹ̀ bọ́ bàtà.

Lọ́jọ́ kejì, a gba ẹ̀yìn ilé ìwé. Ẹgbẹ̀rún ó lé ogóje ìṣísẹ̀ ni. Ọmọ mi, ọ̀nà yẹn ò tẹ́jú. Ìwọ lo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yá ni lówó, o ò ní mọ̀ títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni aránṣọ ní kí a dúró. Ní ìgbà kẹta, ilẹ̀ ló jókòó sí, ó di koríko mú, ó sì sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé mo sunkún o." Mo kọ ọ́, nítorí ohun tí mo bá rí ni ìgbìmọ̀ ní kí n kọ. Ó tún ní, "Bí ọjọ́ náà bá dé tí ọ̀nà kan ò sí, inú ṣọ́ọ̀bù mi ni màá bí i sí, láàárín aṣọ àwọn oníbàárà."

Nígbà tí à ń bọ̀, a gba orí ilẹ̀ rẹ. Ọ̀tàlénírinwó ìṣísẹ̀ ni. Kò ní kí a dúró níbì kankan. O ò ní kí n ka ìyẹn, ṣùgbọ́n mo kà á.

Akọ̀wé ní kí n sọ fún ọ pé ìṣirò tí òun tìtorí rẹ̀ nà ọ́ lọ́jọ́sí, òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló ṣì í.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìwé yín ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ọjọ́ méje. Mo fẹ́ kọ pé kí wọ́n lọ wá ọ̀nà kẹta. Mo ti ń kọ ọ́ gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè níbi iṣẹ́ wa bàjẹ́. Obìnrin kan wà tó ń rọbí, wọ́n ní kí n ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gba ọ̀nà gbọọrọ tó so ilé ìwòsàn wa méjèèjì pọ̀. Ó gòkè díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Mo ti ń gba ibẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé ó gòkè. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dúró." Mo dúró. A lọ díẹ̀, ó tún ní, "Dúró." Èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan ló yé mi, ojú ni mo fi ń bá a sọ ìyókù. Ní ìgbà kẹta, aránṣọ ni mo rí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a dúró. Nígbà tí mo fi í lé wọn lọ́wọ́ tán, mo wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo sì jókòó sílẹ̀.

Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń wá ọ̀nà ti rí ọ̀nà. Kí wọ́n la ilẹ̀ mi. Kí wọ́n má fi í sí ẹ̀gbẹ́ nítorí tèmi, ẹ̀gbẹ́ yẹn gòkè. Kí ó gba àárín, kó sì fẹ̀ tó ẹni mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ẹni tó ń rọbí kì í dá rìn, ẹni méjì ló máa dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá fẹ̀ tó ẹni méjì péré, ẹnì kan á máa rìn nínú koríko.

Ó dùn mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé kò dùn mí. Mo ti pa ilé yẹn rẹ́ kúrò lọ́kàn mi láti àná, pálọ̀ rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé màmá mi ò ní bá mi wí. Obìnrin yẹn, ta ni kò yà fún lọ́nà rí?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

O ò tíì fèsì, mo sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ ń sọ. Láti kékeré lo ti máa ń dákẹ́ bí nǹkan bá dùn ọ́ wọnú egungun.

Akọ̀wé ò ka ìwé yìí. Mo ti gbé ipò alága sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n lè bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ó-dọ̀la ló wà lórí àga báyìí, nítorí náà kò sí ohun tó lè bàjẹ́ kí n tó padà.

O ní mi ò bi ọ́ rí pé ìgbà wo lò ń bọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lẹ́yìn tí màmá rẹ kú, mo rò ó pé bí mo bá bi ọ́, tí o sì ní o ò bọ̀ mọ́, kí ni màá fi ọjọ́ tó kù ṣe? Ni mo bá ń bi ọ́ ní òtútù. Òtútù ò lè ṣe mí ní nǹkan.

Dìde láti ibi tí o jókòó sí kí o gbọ́ èyí. Ní ọdún tí o lọ, mo kan ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé mẹ́rin fún ilé rẹ. Igi gidi ni, mo fúnra mi yàn án. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà látọjọ́ náà, aṣọ ìbora àtijọ́ ni mo fi wé wọn. Lọ́dọọdún ni mò ń kó wọn síta, tí mò ń fi òróró nù wọ́n kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n. Èmi náà ni mò ń ro ilẹ̀ yẹn. Nígbà tí èmi àti aránṣọ kọjá, kò sí koríko tó dé wa lọ́rùn ẹsẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ nítorí tèmi, má sì ṣe dì í mú nítorí tèmi. Bí o bá ní rárá lẹ́ẹ̀kejì, màá dúró tì ọ́ níwájú gbogbo wọn, màá sì máa bá wọn wá ọ̀nà títí orúnkún mi á fi kọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò fẹ́ kí o tún rò láé, pé a ò retí rẹ. Kí ni mò ń fi òróró nù lọ́dọọdún bí mi ò bá retí rẹ?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà

Ẹsẹ̀-ò-gbélé mi,

Ìwé tèmi ti lọ ní ọjọ́ mẹ́rin kí tìrẹ tó dé. Wọ́n jọ pàdé lójú ọ̀nà, wọn ò sì kí ara wọn. Mo dúpẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. O gbà kí n tó bẹ̀ ọ́, kí o tó mọ̀ nípa ilẹ̀kùn kankan. Kò sí ẹni tó lè sọ pé bàbá rẹ ló tì ọ́.

Nígbà tí akọ̀wé ka ìwé rẹ dé ibi ẹni mẹ́ta, agbẹ̀bí pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Látìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí, èyí ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀n pẹ̀lú aboyún." Ọjọ́ mẹ́ta la fi là á. Gbogbo ilé ló rán ènìyàn wá. Wọ́n to ẹni mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn níwájú, ibi tí èjìká wọn bá dé ni àwọn tó ń fi ọkọ́ tẹ̀lé wọn ń gbẹ́ dé. Wọ́n yan ẹni tó sanra jù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má bàa há.

Aránṣọ gba ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ọkọ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ìyá ọkọ rẹ̀ lósì. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀nà náà le dáadáa. Obìnrin ló bí. Ọmọ náà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí a gbọ́ ọ dé ibi ìpàdé, akọ̀wé sì ní òun ò lè kọ ohun tí à ń sọ sílẹ̀, kí a dúró kí aráyé tuntun kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

Mo ní kí Ó-dọ̀la gbé ipò alága fún mi padà. Ó ní kí n wá gbà á lọ́la.

Wàyí o, gbọ́. O kọ̀wé pé o ti pa ilé náà rẹ́ lọ́kàn rẹ. Ta ló ní kí o pa á rẹ́? Lẹ́yìn tí a la ọ̀nà tán, èmi àti bíríkìlà lọ wọn ohun tó kù lápá òkè. Ìṣísẹ̀ méjìlá ní gígùn, mẹ́wàá ní fífẹ̀. Kò tó ilé tí o rò, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó tó yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré. Mo gbé ilẹ̀kùn náà jáde, mo gbé e dúró lórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sì jìnnà sí i wò ó. Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ń bi mí pé, "Bàbá, ilẹ̀kùn ta nìyí?" Mo ní ti ọmọ mi ni.

Ó ku ibi tó máa kọjú sí. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi, ìwọ lo ni ilé. Àti ìbéèrè tí mo jẹ ọ́ láti ọdún mẹ́tàlá: ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?

Bàbá rẹ tó ń retí rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Lónìí, kò sí ìbínú kankan lórí ìkúnlẹ̀ náà.

Mo gba ìwé yín ti oṣù Karùn-ún níbi iṣẹ́, mo sì ṣe àṣìṣe pé mo kà á níbẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, bàbá mi ló kan ilẹ̀kùn. Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ jókòó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ èsì, tí omi ojú ń bà á jẹ́. Nígbà tí ti oṣù Kẹfà dé, mo fi í sílẹ̀ láìkà di ìgbà tí mo padà délé.

Ẹ kí aránṣọ. Mo ti ra aṣọ funfun kan fún ọmọ náà. Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀ pé ó máa tú u, kó tún un rán.

Ìṣísẹ̀ méjìlá ti tó mi. Ilé tí mo ń rò tẹ́lẹ̀ tóbi jù fún ẹnì kan, inú rẹ̀ dá páropáro nígbà míràn tí mo bá ń rò ó, mi ò kàn sọ fún yín ni. Kí ilẹ̀kùn kọjú sí ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí tó bá rẹ̀ ẹ́, kó kànkùn. Ẹ bá mi fi bẹ́ǹṣì kan sí iwájú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mì.

Mo ti gba ìsinmi oṣù méjì. Mò ń bọ̀ wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lú yín. Lẹ́yìn ìyẹn, màá padà wá ṣe ọdún méjì tó kù lórí ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi, màá sì kó ẹrù mi wálé pátápátá. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ni màá dé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má wá dúró dè mí ní títì pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ẹ jókòó sílé. Mo mọ ọ̀nà.

Ọmọ yín.